Odó Òfìfo

Ẹni tó bá ti gbé Adó-Èkìtì rí mọ̀ pé etí la fi ń mọ ilé tó ń jẹun. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, pàápàá lọ́jọ́ Sátidé, odó á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti àgbàlá dé àgbàlá, ti apá òsì á máa dá ti apá ọ̀tún lóhùn. Èmi tí wọ́n bí sí Ìyìn, tí mo lọ́kọ sí Òkè-Ìlá nínú Adó níbí, mo lè jókòó sínú yàrá mi kí n sọ fún ọ pé iṣu tí wọ́n ń gún lẹ́yìnkùlé kẹta ṣì ní kókó nínú, tàbí pé ẹni tó ń gún un ń bínú sí ẹnìkan. Ìyá mi a máa sọ pé ilé tí odó rẹ̀ bá ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a tètè lọ kí wọn, nǹkan ń ṣe wọ́n.

Nítorí ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí ni mo ṣe gún odó òfìfo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko.

N kì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́, kí n ti tètè sọ ọ́. Mo fi ogún ọdún ó lé díẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé aládàáni kan, bí mo bá sì wo ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan péré, á rántí ìṣirò tó ní òun ti gbàgbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí àwọn bàbá wa kọ́, èmi ni mò ń fọ aṣọ pẹpẹ. Mo máa ń fi sítáàṣì sí i títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kí aṣọ yẹn rí lójú ìjọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ilé mi rí lójú àdúgbò.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé, ọ̀rọ̀ sísọ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Bí ènìyàn bá gbé àga tó kán lọ bá a, á gbọ́ ìtàn mẹ́ta kí ó tó gbọ́ iye tí yóò san. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n fẹnu ṣe ni orin. Bí a bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ a máa yà gbàrà bíi pákó tí kò tíì gbẹ, èmi a sì máa fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ìparí ọyẹ́ ni, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ó ń fá ilẹ̀kùn kan kí ó lè dán, irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì tẹ̀ lé e lọ sílẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú tirẹ̀ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tí a délé, ẹsẹ̀ ti ń dáhùn díẹ̀díẹ̀, ó lè fi ọ̀pá rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kò dilẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò lè pè mí. Bí ó bá gbìyànjú, "ẹ... ẹ..." ni, òógùn á sì bò ó.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ọmọ wa kan ṣoṣo wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn, ìbejì rẹ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ó ń fi ohun tí agbára rẹ̀ ká ránṣẹ́, oògùn sì ń gbà á tán. Bí ó bá pè lórí fóònù, mo máa ń sọ fún un pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán ni.

Iyán! Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Àwa ti kọjá orí ẹ̀kọ nígbà yẹn. Ẹ̀bà ni, lọ́sàn-án àti lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ènìyàn lè wo ìdí abọ́ nínú rẹ̀. Iṣu wọ́n bí ojú ní Ọjà Ọba lọ́dún náà. Mo máa ń gba ibòmíràn kọjá kí n má baà rí i.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa pàdé mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní, "Ìyá ilé, a ò gbọ́ odó yín lọ́jọ́ mẹ́ta yìí. Ṣé kò sí o?"

Ìfẹ́ ló fi bi mí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ká aṣọ kúrò lára mi lójú ọjà. Mo dáhùn pé, "Oorun ọ̀sán tí ẹ̀ ń sùn ló pọ̀ jù, ẹ ò lè gbọ́ odó." Ó rẹ́rìn-ín, kò sì bi mí mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbé odó ìyá mi síta, odó ìrókò tó ti dúdú láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé ọmọ odó sókè, mo sọ ọ́ sínú òfìfo. Kó! Ó dún débi pé ajá tó sùn sẹ́bàá ògiri fò dìde. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta ní Èkìtì bá gbọ́ irú ìró yẹn, á mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Mo ronú bí olùkọ́. Mo wọlé, mo mú aṣọ ìró mi àtijọ́ kan, mo ká a sí mẹ́rin, mo rẹ ẹ́ sómi, mo tẹ́ ẹ sídìí odó. Mo tún gún un. Pù. Pù. Pù. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn sí ọgbọ́n náà. Mo gún un títí tí mo fi làágùn. Mo tún sọ̀rọ̀ sókè fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ pé, "Ó kù díẹ̀ kó kúnná!"

Lẹ́yìn náà ni mo wọlé, mo ro ẹ̀bà, mo gbé e síwájú ọkọ mi. Ó wo abọ́ náà, ó wo ojú mi. Ó ti ń gbọ́ odó láti orí ibùsùn, ó ti ń retí. Omijé kan bọ́ lójú rẹ̀ tó ṣì ń ṣẹ́jú dáadáa, ó sì kọjú sí ògiri.

Mo ní, "Dádì, ẹ jẹun."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gún aṣọ lọ́sọ̀ọ̀sán. Àsìkò Lẹ́ǹtì ló bọ́ sí. Gbogbo ìjọ ń gbààwẹ̀, wọ́n ń díbọ́n pé ebi kò pa wọ́n. Èmi nìkan ni ebi ń pa tí mo ń díbọ́n pé mo ń jẹun.

Mi ò gbàdúrà mọ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Ìjà ni mo bá Ọlọ́run jà, nínú ilé ìdáná, lójú mọmọ, pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Aṣọ pẹpẹ Rẹ tí mo fọ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ṣé ẹnu ọkọ mi lo máa gbà dípò ọpẹ́? Ṣé O tilẹ̀ ń gbọ́ nǹkan kan ní àdúgbò yìí?" Lẹ́yìn èyí, bí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ètè mi á máa mì bíi ti ọmọ tí kò há àkọ́sórí rẹ̀ sórí. Bí wọ́n bá bi mí pé báwo ni ọkọ mi, mo máa ní, "A dúpẹ́ o." Irọ́ ni. N kò dúpẹ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí Màmá. Opó ni, ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, ògiri kúkúrú kan ló sì là wá láàárín. Àládùúrà ni, ará ìjọ aláṣọ funfun, tí kì í wọ bàtà bí ó bá ti wọ aṣọ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni agogo rẹ̀ ti ń dún, tí ohùn rẹ̀ sì ń la òrùlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bá a jà kí àìsàn tó dé. Lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ fún un pé, "Màmá, Ọlọ́run kì í ṣe adití."

Ó dá mi lóhùn pé, "Éè ṣe adití, Tíṣà. Èmi ni mo fẹ́ gbọ́ ohùn ara mi."

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú, mo ní obìnrin yìí kò gbọ́ tẹnìkan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí èmi pàápàá kò lè jiyàn rẹ̀: Màmá kì í purọ́. Ó ń ṣoko iṣu lọ́nà Ìlawẹ̀, bí ó bá sì ń ta iṣu, ibi tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi han oníbàárà. Àwọn kan máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Aṣọ funfun éè gba urọ́," bí ẹni pé aṣọ náà ni kì í gba irọ́, kì í ṣe òun.

Ó di ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú ìsìn láti ọ̀sán gangan dé aago mẹ́ta. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé n kò lè fi aláìsàn sílẹ̀. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n lọ. Mi ò fẹ́ jókòó fún wákàtí mẹ́ta kí n máa gbọ́ nípa ìyà ẹlòmíràn, nígbà tí tèmi wà nílé. Nígbà tí aago méjìlá lù, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sẹ́yìnkùlé, ọwọ́ mi tẹ́ aṣọ sídìí odó, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ mi. Pù. Pù. Pù.

Mo ti gún un dé ìdajì kí n tó ṣàkíyèsí pé odó kankan kò dá mi lóhùn. Gbogbo Òkè-Ìlá dákẹ́. Kò sí ilé onígbàgbọ́ tó ń gúnyán lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì Rere. Odó èmi afọṣọ-pẹpẹ nìkan ló ń dún káàkiri àdúgbò, lọ́jọ́ tí wọ́n kan Olúwa mọ́gi. Mo gbé ọmọ odó sókè, n kò lè sọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá ló dúró lẹ́yìn ògiri nínú aṣọ funfun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn bọ̀. Ògiri náà kò ga. Ó wò mí, ó wo inú odó.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Tíṣà," ló sọ, ó sì wọlé lọ.

Mo yọ aṣọ náà kúrò. Ó ti fà ya níbi púpọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, mo sì ń sọ fún ara mi pé ikú yá ju ẹ̀sín, pé kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yìí á ti dé Fájuyì láàárín ìlú.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo ṣì wà lórí ibùsùn nígbà tí mo gbọ́ tí Màmá ń la igi lẹ́yìn ògiri. Àáké ń lu igi líle: gbà, gbà, gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo pòṣé, mo ní màmá yìí kò ní jẹ́ kí ènìyàn sinmi, mo sì yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní ọ̀sán, ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìkòkò gbígbóná wà lórí rẹ̀, òṣùká ló fi gbé e, ọmọ odó tirẹ̀ sì wà ní apá rẹ̀.

"Tíṣà, gbà mí. Odó mi ti là o, uṣu sì ti jinná. Jẹ́ kí n gún un nínú tìrẹ, ká jọ jẹ ẹ́."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wá ojú àánú lójú rẹ̀. Ká ní mo rí i ni, ǹ bá lé e padà, mo búra. N kò rí i. Ìyá arúgbó kan ni mo rí tí ìkòkò ń jó lórí.

"Ṣé kí n dúró títí orí mi á fi jinná pẹ̀lú uṣu ni?"

Mo yà fún un. Mo fọ odó. Nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú rẹ̀, ó rí òwú aṣọ kan tó ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó fi ìka méjì yọ ọ́, ó jù ú nù, ó sì da iṣu sí i. A mú ọmọ odó méjèèjì, à ń sọ ọ́ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run mi, ìró yẹn! Ó ti lé ní oṣù méjì tí iṣu kankan kò ti dún nínú odó ìyá mi. Ó kọ́kọ́ ń ta ko wá, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ó ń fà, ó ń dún pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin tí kò sí nínú ìwé kankan ni, ńṣe ló ń hun ún bó ṣe ń gúnyán lọ. Ó dúpẹ́ fún iṣu. Ó dúpẹ́ fún omi. Ó dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tó gbé e dé oko àti odó aládùúgbò. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, á ní, "Halelúyà, ó ṣeun." Èmi kò gbè é. Mo ní n kì í ṣe ará ìjọ wọn, iyán ló pa wá pọ̀.

Ní ìlà kẹrin, ohùn kan gbè é.

Mo rò pé ẹnìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Ní ìlà karùn-ún, ó tún gbè é, láti inú yàrá, ohùn tó ya gbàrà bíi pákó tútù, ohùn tí mo ti fi ìgúnpá gún fún ọgbọ̀n ọdún kí ó lè dákẹ́. "Halelúyà, ó ṣeun." Mo ju ọmọ odó sílẹ̀, mo sáré wọlé. Ọkọ mi jókòó lórí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ ṣì wọ́, ọ̀rọ̀ sì ń ti ẹnu náà jáde ketekete.

Mo kígbe pé, "Dádì! Ẹ sọ̀rọ̀! Ẹ tún un sọ!"

Ó la ẹnu. "Ẹ... ẹ..." Kò tún sí nǹkan mọ́. Òógùn bò ó, ó ń wò mí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, èmi náà ń wò ó. Mo rò pé mo ti fi igbe mi lé e lọ.

Màmá kò dá iyán gúngún dúró. Ó ké láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà, má fi ẹnu bi í! Fi orin bi í!"

Èmi tí mi ò lè kọ orin kankan àfi tí mo bá ní ìwé lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀ síwájú ọkọ mi, mo fi ohùn orin obìnrin yìí kọ ọ́ pé kí lẹ fẹ́ jẹ, kí lẹ fẹ́ jẹ o.

Ó mí. Ó sì kọ ọ́ padà pé, "Iyán."

Ẹ̀rù bà mí. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é. Ayọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló tóbi jù, irú èyí tó ń mú ènìyàn fẹ́ bọ́ bàtà. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rí i pé n kò wọ bàtà.

Bí mo bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu oníwàásù, màá ní ọjọ́ Àjíǹde ló ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ tí òkúta ṣì wà lẹ́nu ibojì, tí ẹnikẹ́ni kò retí nǹkan kan. Iyán ni a jẹ lọ́jọ́ náà. Mo sunkún sínú ọbẹ̀, ọkọ mi sì fi orin sọ fún mi pé iyọ̀ ti pọ̀.

Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, mo ròyìn fún nọ́ọ̀sì kan. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, pé ibi tí orin ń gbé nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé, àìsàn sì lè wọ ilé kan kí ó fo èkejì. Ẹlòmíràn lè gbọ́ èyí kí ó ní ó dáa, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu nìyẹn. Ní tèmi, ńṣe ni ẹnu túbọ̀ yà mí. Ìgbà tí Ọlọ́run ń mọ wá láti inú erùpẹ̀ ni Ó ti ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí ilé náà, nítorí ọjọ́ tí ti iwájú bá há. Èmi olùkọ́ kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀. Màmá tí kò rí ẹnu ọ̀nà iléèwé fi ọmọ odó kan ilẹ̀kùn yẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti di ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìkòkò Màmá á dé. "Odó mi ti là, Tíṣà." Bí mo bá ní iṣu náà pọ̀ jù, á ní bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ọkọ mi ń kọrin béèrè omi, ó ń kọrin béèrè ìròyìn, ó sì ń fi orin bú ọbẹ̀ mi. Èmi náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. N kò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo kàn gbọ́ ara mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń gbe orin Màmá, "ó ṣeun, ó ṣeun," mo sì mọ̀ pé kì í ṣe Màmá ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo ní ìgboyà, mo lọ jẹ́wọ́ aṣọ inú odó fún ìyá tó bá mi sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó wolẹ̀. Ó ní, "A mọ̀, Ìyá ilé. Láti ujọ́ kìíní ni a ti mọ̀. Aṣọ nínú odó, ta ni éè ní mọ̀ ọ́n? Ẹ̀rù yín ló ń bà wá." Ìyẹn dùn mí ju ebi lọ. Àwọn tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ wà níta, èmi ni mo fi ẹnu mi dábùú ọ̀nà.

Òjò dé, gbogbo igi ìdáná sì rin. Màmá ti sọ fún mi tipẹ́ pé kí n máa mú igi lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná òun bí mo bá fẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó wà lóko, mo lọ. Ìlàjì odó rẹ̀ méjèèjì ni mo rí níbẹ̀, wọ́n fi wọ́n ti ara ògiri. Mo gbé ọ̀kan. Mo ní odó tó ti là, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe?

Ọkọ mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Bí mo ṣe fẹ́ gbé igi náà kọjá, ó na ọwọ́ òsì dí mi lọ́nà. Mo gbé e lé e nítan. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tó ti là, láti ẹnu odó dé ìdí, ó tún tọ̀ ọ́ padà. Lẹ́yìn náà ó kọrin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìrẹ́rìn-ín.

"Àáké ni. Àáké ni. Igi yìí kò ṣàìsàn rí."

Ó mú ìka mi, ó fi lé ẹnu odó náà. Igi tí oòrùn bá là, iṣan ara rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé, á wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Èyí là gbọnrangandan. Àpá ẹnu àáké hàn kedere lẹ́nu rẹ̀, ní ibi mẹ́ta. Kòkòrò kankan kò jẹ ẹ́, ìdíbàjẹ́ kankan kò sí. Odó tó lè gúnyán fún ọmọ ọmọ ẹni ni.

Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Màmá títí ó fi ti oko dé. Mo bi í léèrè. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó nu ojú, ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó.

"Tíṣà, ujọ́ Sátidé yẹn, mo ti fẹ́ gbé uṣu kaná. Mo rò ó pé bí mo bá gbé uyán wá fún ọ lásán, o máa lé mi. Mo mọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè wọ̀ ọ́ létí ni kí n ní odó mi ti là, kí ó jẹ́ èmi ni mo wá tọrọ. Odó mi sì nìyẹn, éè là." Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Aṣọ funfun éè gba urọ́. Ni mo bá mú àáké."

Mo ní, "Màmá. Odó ta ni?"

"Ti ìyá ọkọ mi." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ padà. "Odó kan ṣáà tó fún ulé méjì."

Ó wọlé lọ gbé iṣu kaná. Mo ń wo ògiri kúkúrú tó wà láàárín ilé wa, mo sì rántí ọjọ́ tí mo di ọmọ orógùn mú, tí mo bi Ọlọ́run bóyá Ó ń gbọ́ nǹkan kan ní àdúgbò yìí. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé mo lè fi etí mọ ohun tó wà nínú odó ilé kẹta! Ìdáhùn ti wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìn ògiri, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ ọ. Mo pòṣé, mo sì yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.